Ta Ni Ń Jẹ́ "Èmi" Nínú Ìwé?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, iyàn kan bẹ́ sílẹ̀ tí a ò rí já títí iná fi lọ. Olóòtú wa ló dá a sílẹ̀. Ó ní nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀, kí oníkálukú kọ nǹkan nípa ayé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kọ autobiography wá o, memoir ni òun fẹ́, nítorí pé ọmọ ọdún méjìlélógún kò tíì ní ìgbésí ayé tó lè kún ìwé. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo padà dé Gàmbàrí lálẹ́ ni mo tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò lọ nínú mi. Bí olóòtú ṣe sọ ọ́ yẹn, bí ẹni pé gàárì kan náà ni, kóńgò kan ni ti àgbà, ife kan ni ti ọmọdé. Mi ò gbà. Ìdí tí mi ò fi gbà sì wà nínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò lọ́nà. "Ìtàn ìgbésí ayé ara ẹni" la ń pe ti àkọ́kọ́ ní kíláàsì. Èkejì ni mo máa pè ní "ìwé ìrántí" níbí. Ìtàn ìgbésí ayé a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbí, a máa tẹ̀ lé ọdún bọ̀, ó sì ń ṣe ìlérí kan fún òǹkàwé pé: èyí ni ayé mi látòkèdélẹ̀. Ìwé ìrántí a máa mú àsìkò kan, ibì kan, tàbí ènìyàn kan ṣoṣo, a sì fi ìyókù sílẹ̀ láìtọrọ gáfárà. Ìlérí ni kí ẹ dì mú nínú ohun tí mo sọ yìí, ẹ má wo gígùn ìwé.

Ìdí tí mo ní náà rèé. Láti ìgbà ìsinmi tó kọjá ni Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ti ń sọ ìtàn ara wọn fún mi, tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n máa kọ, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀. Wọ́n sọ ti ilé kéú, wọ́n sọ ti ìgbéyàwó, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti apẹ̀rẹ̀ ata ní ọjà Ìpàtà láti ìdájí, tí wọ́n ń retí ọkọ̀ tó ń ti Òkè Ọya bọ̀. Ìwé kíkọ méjì ti kún. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí wọ́n máa ń fò. Láti ọjọ́ tí wọ́n kúrò ní Ìlọrin lọ bá ọkọ wọn àkọ́kọ́, ẹnu wọn a bọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n padà wọ Gàmbàrí pẹ̀lú ẹrù lórí. Bí mo ṣe ṣírò ó, ọdún mẹ́rin ló wà láàárín. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní, "Ìyẹn ti kọjá lọ, ọmọ mi. Kọ èyí tí mo sọ fún ẹ." Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Má bi wọ́n mọ́."

Kí ni kí n wá pe ìwé tí ọdún mẹ́rin sọnù nínú rẹ̀?

Ẹni tó bá rò pé àgbà tó bá ti dàgbà tán ló lè kọ gbogbo ayé rẹ̀, kó wo ìwé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Awo: The Autobiography of Chief Obafemi Awolowo, tó jáde ní 1960. Gbogbo ohun tí à ń wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909, ikú bàbá rẹ̀, iṣẹ́ tíṣà, iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ oníròyìn, òwò kòkó àti ti mọ́tò, ẹ̀kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, Action Group ní 1951, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Ìwé gidi ni, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ tún ọdún tó jáde wò. Ní 1962 ni Action Group dàrú. Ní 1963 ni ilé ẹjọ́ sọ Awólọ́wọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, 1966 ló jáde. Ó du ipò ààrẹ ní 1979 àti 1983, kò bọ́ sí i. Èyí tí àwọn bàbá wa ń jiyàn lé lórí nídìí ayò títí dòní, ẹ̀yìn ìgbà tí "ìtàn ìgbésí ayé" náà ti jáde ló ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ó sì fẹ́ sọ ti ẹ̀wọ̀n, kò padà lọ tún ìwé ńlá kọ. Apá kan ló mú. Ní 1985 ló gbé My March Through Prison jáde, ọdún méjì kó tó kú. Ẹni tó ti kọ gbogbo rẹ̀ padà wá kọ díẹ̀, díẹ̀ yẹn ló sì wù mí jù láti kà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta nìyẹn o, kì í ṣe ọmọ ọdún méjìlélógún. Nítorí náà, kí olóòtú wa fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí sílẹ̀ jàre.

Wọlé Ṣóyínká ṣe tiẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni nígbà tí Aké jáde ní 1981, ìwé náà kò sì kọjá nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ó ti kọ ti àtìmọ́lé rẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé sínú The Man Died ní 1972. Ó wá kọ Ibadan ní 1994, ó kọ You Must Set Forth at Dawn ní 2006. Ó gé ayé náà bí ẹni gé iṣu, ó sì jẹ́ ká rí ibi tí ọ̀bẹ gbà. Kò sí ẹni tó máa ka Aké tó máa bi í pé ẹ̀wọ̀n dà, nítorí ẹ̀yìn ìwé ti sọ fún un pé ìgbà èwe ló fẹ́ kà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, nítorí náà ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì Ṣóyínká bá ń lé kiri ò ní àwáwí mọ́.

Àléébù tí mo rí nínú Aké, mo máa sọ ọ́. Ẹ rántí ibi tí ọmọ náà ti tẹ̀ lé àwọn ọlọ́pàá onífèrè títí ó fi rìn jìnnà sílé. Ìgbà mẹ́ta ni mo ka ibẹ̀, nítorí pé ó dùn. Nígbà kẹta ni mo bi ara mi pé ta ló ń rí gbogbo nǹkan wọ̀nyí gan-an? Ọmọ kékeré tó ń sáré tẹ̀ lé ìlù ni, àbí bàbá onírùngbọ̀n tó jókòó sídìí tábìlì? Àgbàlagbà ti wọ ẹ̀wù ọmọdé, ẹ̀wù náà sì bá a mu jù. Ewu ìwé ìrántí nìyẹn. Nítorí pé kò ṣèlérí gbogbo rẹ̀, ó lè dán ìwọ̀nba tó mú náà títí ojú òtítọ́ á fi máa yọ̀. Mo ṣì fẹ́ràn ìwé náà ju ti Awólọ́wọ̀ lọ. Kò yẹ kí n purọ́ lórí ìyẹn.

Ní ti àwa tí à ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ṣebí Àkàrà-Oògùn fúnra rẹ̀ ló wá bá akọ̀wé kan pé kí ó máa kọ ìtàn òun sílẹ̀. Ó sọ ti bàbá àti ìyá rẹ̀ ní ráńpẹ́, lẹ́yìn náà igbó ló kù. Kò sọ ohun tó ń jẹ láàárọ̀, kò sọ ọdún. Àwọn ìrìn àjò tó fi ojú rí màbo ló mú wá. Ìwé ìrántí ni Àkàrà-Oògùn sọ, bí ẹ bá bi mí. Oríkì náà kò tẹ̀ lé ọdún. Ẹni tó ń ki bàbá yín lè ti orí ogun bọ́ sí orí ìlá ojú, kó ti ibẹ̀ bọ́ sí orí gbèsè, ẹnikẹ́ni ò sì ní bi í pé èwo ló ṣáájú.

Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù lọ ni ìwé Ìsáàkì B. Thomas. Láàárín 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Obìnrin náà ní òun ti jẹ ayé ẹwà ní Èkó, òun ti fẹ́ ọkùnrin láìlóǹkà, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀ báyìí, òun fẹ́ jẹ́wọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi òun kọ́gbọ́n. Wọ́n kó o pọ̀ di ìwé ní 1930: Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. "Ìtàn ìgbésí ayé" wà níbẹ̀, "èmi" wà níbẹ̀. Àwọn òǹkàwé ń kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa obìnrin náà. Kò sì sí Ṣẹ̀gilọlá kankan. Thomas tó ni ìwé ìròyìn, ọkùnrin, ló jókòó tó ń kọ "èmi". Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Mo gbóríyìn fún un gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, èdè rẹ̀ ń ta sánsán. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí àwọn ènìyàn gbà á gbọ́ ni ìlérí yẹn gan-an, pé ẹni tó ń kú lọ kì í fi nǹkan pa mọ́. Látorí èyí ni mo ti mọ̀ pé sísọ gbogbo rẹ̀ kò fi hàn pé òótọ́ lèèyàn ń sọ.

Nígbà tí mo ka èyí tán, mo gbé ìwé kíkọ tèmi, mo sì rí i pé "mo" ni mo ti ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Wọ́n bí mi ní Gàmbàrí." "Mo ń ta ata ní Ìpàtà." Ta ni "mo"? Ìyá Àgbà ni. Ta ló mú bírò? Èmi ni. Ohun tí Thomas ṣe ni mo ń ṣe, àfi pé Ṣẹ̀gilọlá tèmi wà láàyè, wọ́n sì wà ní yàrá kejì tí wọ́n ń ka tẹ̀súbáà. Ó tiẹ̀ ti ń wù mí láti fi ọgbọ́n orí dí ọdún mẹ́rin yẹn. Mo ti kọ ìpínrọ̀ kan. Ọkọ burúkú wà nínú rẹ̀, òjò wà nínú rẹ̀. Ó dára gan-an, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù. Mo fà á ya.

Ìbẹ̀rẹ̀ náà tún ní wàhálà tirẹ̀, ọmọ Ìlọrin nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ìtàn ìgbésí ayé ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ìran. Gàmbàrí ni wọ́n ń pe àdúgbò wa, nítorí pé Hausa làwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó. Balógun Gàmbàrí wà lára àwọn Balógun mẹ́rin ìlú, pẹ̀lú ti Fúlàní, Àjíkòbí àti Àlánámù. Ṣùgbọ́n Yorùbá là ń sọ nílé, Yorùbá ni mo ń kà ní yunifásítì, Hausa tí mo gbọ́ kò lè ra súyà. Bí mo bá kọ "ìran Ìyá Àgbà ṣẹ̀ wá láti...", mo ti wọ inú ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá àti Àlímì nìyẹn. Ta ló pe ta wá, ta ló ni ilẹ̀. Ìwé obìnrin aláta á wá di ìwé ìjà. Tó bá jẹ́ ìwé ìrántí ni, mo lè bẹ̀rẹ̀ láti ìdí apẹ̀rẹ̀, kí èdè méjèèjì máa kọjá níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọjá lóòótọ́: onílọ́rí ń fi Hausa na ọjà, Ìyá Àgbà ń fi Yorùbá dá a lóhùn, owó ń bọ́ sí ọwọ́.

Nítorí náà mo ti yàn. Ìwé ìrántí ni, ṣùgbọ́n tèmi ni, kì í ṣe tiwọn. "Mo" inú rẹ̀ á jẹ́ èmi ọmọ-ọmọ tó jókòó sórí àpótí tó ń gbọ́. Ohun tí wọ́n sọ, mo máa kọ pé wọ́n sọ ọ́. Ibi tí wọ́n ti fò, mo máa kọ pé wọ́n fò ó, n kò sì ní fi nǹkan kan dí i. Àwọn kan nínú yín á ní ìyẹn náà jẹ́ àṣírí títú, pé ẹni tó bá fi ihò han ènìyàn ti ní kó yọjú. Mo ti ro ìyẹn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe lọ ka ojú ewé àkọ́kọ́ sí wọn létí lálẹ́ àná, títí kan ibi tí ihò náà wà, kí n tó jẹ́ kí olóòtú rí i.

Wọ́n gbọ́ ọ tán. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọdún mẹ́rin náà. Wọ́n ní, "Tàtàṣé kọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ata gbígbẹ ni. Ta ló sọ tàtàṣé fún ẹ?" Mo ní àwọn ni. Wọ́n ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀, wallahi. Mo lọ yẹ ìwé kíkọ wò, wọ́n sọ ọ́, ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀.