Ẹ̀kú Lábẹ́ Ẹ̀kú: Iṣẹ́ Ohùn Mel Blanc nínú Fíìmù Kàtúùnù

Iye ohùn ni àwọn tó ń kọ nípa Mel Blanc sábà máa ń kọ́kọ́ kà. Ọkùnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún ohùn ni wọ́n ń pè é. Ìnagijẹ náà dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò ran lámèyítọ́ lọ́wọ́, nítorí ẹni tó bá ń ka ohùn kò ní ráyè gbọ́ bí a ṣe kọ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

San Francisco ni wọ́n ti bí Blanc ní 1908, Portland ni ó dàgbà sí, rédíò ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1927. Rédíò kọ́ ọ pé ohùn nìkan ni ara tí òṣèré ní. Nínú ètò Jack Benny, òun ni ó ń fi ẹnu ṣe ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí ń wúkọ́, tí ń mí hẹlẹ, tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ní 1937, nílé-iṣẹ́ kàtúùnù Leon Schlesinger, ó gba ohùn Porky, ẹlẹ́dẹ̀ akólòlò, lọ́wọ́ Joe Dougherty. Akólòlò gan-an ni Dougherty, kò sì lè káwọ́ ìkólòlò rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba ohùn sílẹ̀. Lẹ́nu Blanc, ìkólòlò di ìlù: ẹlẹ́dẹ̀ náà á há sórí ọ̀rọ̀ kan, á pa á tì, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. (Ẹni tí kò kólòlò ni ó wá jèrè ìkólòlò, ìyẹn náà tó rò.)

Ológbò Sylvester àti pẹ́pẹ́yẹ Daffy jọ ní àbùkù kan náà: ahọ́n wọn máa ń há sáàárín eyín bí wọ́n bá fẹ́ pe ‘s’, itọ́ á sì máa fọ́n. Síbẹ̀, kò sí ọmọdé tí yóò ṣì wọ́n gbọ́. Ọgbọ́n ẹ̀rọ wà níbẹ̀: wọ́n á gba ohùn Daffy sílẹ̀, wọ́n á wá mú un sáré kí ó lè ròkè. Ṣùgbọ́n onímọ̀ èdè olóhùn yóò kíyè sí i pé ìsáré yìí ń gbé gbogbo gbólóhùn sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ inú rẹ̀ kò yí padà. Ẹ̀rọ lè fún pẹ́pẹ́yẹ ní ohùn tínínrín, kò lè fún un ní ìbínú. Blanc ni ó fún un.

Inú Rabbit Fire (1951), tí Chuck Jones darí, ni èyí ti hàn jù. Ehoro Bugs àti Daffy ń jiyàn lójú ọdẹ lórí ẹran tí àsìkò pípa rẹ̀ tó. Bugs rọra yí iyàn padà; Daffy, tí ìbínú ti gbà lọ́kàn, tẹ̀ lé e, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n yìnbọn. Ọkùnrin kan ni ó ń tan ara rẹ̀ jẹ níbẹ̀. Ohùn Bugs kò kánjú. Ti Daffy ń gòkè ṣáá. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì gbé àwọ̀ ara wọn wọ̀. Blanc ní láti jẹ́ Daffy tí ń díbọ́n bíi Bugs, kí ó má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé Daffy ni. Èyí ṣòro ju dídá ọgọ́rùn-ún ohùn tuntun sílẹ̀ lọ. Egúngún tó bá ń fi ohùn ségi sọ̀rọ̀ ń fi ènìyàn pamọ́ sábẹ́ ẹ̀kú ni. Blanc ń fi ẹ̀kú pamọ́ sábẹ́ ẹ̀kú.

Ẹni kẹta nínú iyàn yẹn ni ọdẹ, Elmer Fudd. Blanc kọ́ ni. Arthur Q. Bryan ni ó ń sọ ọ́ títí tó fi kú ní 1959, ṣùgbọ́n orúkọ Blanc nìkan ni ó hàn lójú fíìmù fún iṣẹ́ ohùn. Blanc béèrè àfikún owó, ọ̀gá rẹ̀ kọ̀, ó wá ní kí wọ́n kọ orúkọ òun síbẹ̀ dípò owó. Ìṣẹ́gun ni fún òṣèré tó ti ń ṣiṣẹ́ láìlórúkọ, kò sì tọ́ kí a fi ṣe ẹ̀sùn sí i lọ́rùn. Àmọ́ òjìji rẹ̀ bo Bryan àti June Foray mọ́lẹ̀, òǹkọ̀wé tó bá sì ń kọ ọ́ pé Blanc ni ó ṣe gbogbo rẹ̀ ń fi kún àìṣòdodo náà.

Ní oṣù kìíní 1961, ìjàm̀bá ọkọ̀ ní Los Angeles sọ ọ́ di aláìmọra fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìtàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé ìgbà tí dókítà pe Bugs Bunny ni ó tó dáhùn. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì jù: ó dùbúlẹ̀ sílé pẹ̀lú P.O.P. lára, wọ́n gbé maikirofóònù wá bá a lórí ibùsùn, ó ń sọ ohùn Barney Rubble fún The Flintstones, lẹ́yìn tí Daws Butler ti bá a di àyè náà mú fún ìgbà díẹ̀. Nínú Who Framed Roger Rabbit (1988), ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, òun náà ni ó ṣì sọ ohùn Bugs, Daffy, Porky, Tweety àti Sylvester. Ti Yosemite Sam, tó jẹ́ kìkì igbe láti ọ̀fun, ni agbára rẹ̀ kò gbé mọ́. Joe Alaskey ni ó bá a sọ ọ́.