Agbára Tí Kò Ṣe é Kọ́ Ẹlòmíràn: Ojú Olùkọ́ lára Black Panther, Aníkúlápó àti Jagun Jagun

Ìfáárà

Fíìmù akọni alágbára wà lára ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń kọ́ láti di olùkọ́ ń wò jù lọ ní àsìkò yìí. Ní Gidan Igwai níhìn-ín, ní ìlú Sókótó, orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó. Ọmọ Háúsá tí kò gbọ́ Yorùbá ń ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ àwòrán kí ó lè tẹ̀lé Jagun Jagun. Ọmọ Yorùbá sì mọ orúkọ àwọn akọni Marvel ju àwọn ẹ̀dá ìtàn Fágúnwà lọ. Àríyànjiyàn wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ó lágbára jù nínú wọn? Àwa olùkọ́ ní ìbéèrè mìíràn tí a fẹ́ bi àwọn fíìmù náà. Agbára tí akọni yìí ní, ta ni ó kọ́ ọ, ta ni òun náà yóò sì kọ́? Ìbéèrè yìí ni a fi ṣe òsùwọ̀n fún fíìmù mẹ́ta tí a yàn.

Ewé Wakanda

Black Panther, tí Ryan Coogler darí, jáde ní oṣù Kejì ọdún 2018. Chadwick Boseman ni ó ṣe T'Challa, ọba Wakanda. Ewé kan tí ó rí bí ọkàn ni agbára ọba ti ń wá. Ọba á mu oje rẹ̀, wọ́n á fi yẹ̀pẹ̀ bò ó, á sì bá àwọn tó ti lọ pàdé. Ọmọ Yorùbá yóò mọ ojú èyí dáadáa: ewé ni, ètùtù ni, bíbá ará ọ̀run sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọgbà kan ni ewé náà ń hù sí. Nígbà tí Killmonger gorí ìtẹ́, ó ní kí wọ́n dáná sun ọgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ìran fi pamọ́ sì di eérú.

Ìran kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. T'Challa wọ igbó Sambisa ní Nàìjíríà lóru, wọ́n gba àwọn obìnrin tí a jí gbé sílẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n má sọ ohun tí ojú wọn rí. Ọjọ́ 16 oṣù Kejì ni fíìmù náà bọ́ sí gbangba ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 19 oṣù yẹn kan náà, wọ́n jí ọmọbìnrin 110 gbé ní ilé-ìwé ìjọba ní Dapchi, Ìpínlẹ̀ Yobe. Kò sí akọni tí ó já wálẹ̀ láti ojú ọ̀run. Irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a ń kọ́ yóò lọ ṣiṣẹ́, nítorí náà a kò lè wo ìran yẹn bí eré lásán. Agbára tí ó wá lóru, tí ó sì ní kí a pa ẹnu mọ́, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbà là.

Fíìmù náà fúnra rẹ̀ mọ èyí, nítorí pé ní ìparí, T'Challa ṣí ibùdó kan sí Oakland ní Amẹ́ríkà kí Wakanda lè pín ìmọ̀ rẹ̀ fún ayé. Nínú Wakanda Forever tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 2022, Shuri gbìyànjú láti ṣe ewé tí ó jóná náà ní yàrá ìwádìí. Kò rí i ṣe kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú. Ó padà sídìí rẹ̀, ó sì ṣe é. Ìran yìí dùn mọ́ wa ju gbogbo ìjà inú fíìmù méjèèjì lọ. Iná jó ewé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń wádìí lè tún un ṣe. Àbùkù tí a rí ni pé orílẹ̀-èdè tí ìmọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó báyìí ṣì ń fi ìjàkadì yan ọba.

Àdó Sàró

Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde lórí Netflix ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Sàró, tí Kúnlé Rẹ̀mí ṣe, jẹ́ ahunṣọ òkè tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. Ìfẹ́ òun àti Arólákẹ́, ìyàwó ọba, ni ó kó o sí wàhálà tí wọ́n fi lù ú pa. Ẹyẹ Àkàlà jí i dìde, àdó tí ó ń jí òkú sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ nípasẹ̀ obìnrin náà.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí ni pé Sàró ní iṣẹ́ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ híhun ni ó kọ́, ó sì lè kọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí àdó dé, ó gbàgbé òfì. Kò mọ bí àdó ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè. Ìgbà tí Arólákẹ́ gba agbára náà padà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo níwájú òkú ọmọ ọba àti gbogbo ènìyàn. Ìgbéraga àti àìmoore ni ọ̀pọ̀ òǹwòran kà sí ẹ̀ṣẹ̀ Sàró, a kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá ìdáhùn ìdánwò lórí fóònù dípò kí ó kàwé, ohun kan náà ni ó ń ṣe: ó ń ju òfì nù nítorí àdó.

Ilé-ẹ̀kọ́ Ogundìjì

Tọ́pẹ́ Adébáyọ̀ àti Adébáyọ̀ Tìjání ni wọ́n darí Jagun Jagun, tí ó jáde lórí Netflix ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Ogundìjì, tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ ṣe, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn jagunjagun. Gbọ́tìjà, tí Lateef Adédiméjì ṣe, wá kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà ní ẹ̀bùn: igi ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Dípò kí inú ọ̀gá dùn, ẹ̀rù bà á. Ìdánwò lé ìdánwò ni ó ń gbé lé e lórí, kì í ṣe kí ó lè mọ ohun tí ọmọ mọ̀, bí kò ṣe kí ọmọ lè parun níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Ogundìjì kì í ṣe àlejò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa. Olùkọ́ wà tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ìbéèrè ọmọ tí ó ti kàwé ṣáájú kíláàsì. Alábòójútó wà tí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ń pẹ́ lórí tábìlì rẹ̀ nítorí pé ẹni tí ó kọ ọ́ yóò bá a dọ́gba. Fíìmù yìí ní àléébù, ìjà inú rẹ̀ pọ̀ jù, ó sì fi ìdánwò hàn wá ju ẹ̀kọ́ lọ. Síbẹ̀, nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni a rò pé ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ wò, nítorí olùkọ́ ni ó ń bá wí. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀gá fẹ́ pa ni ó ṣẹ́gun ọ̀gá.

Ohun Tí Ó Wà Nílé

Akọni tí ó ń kọ́ni kò ṣàjèjì sí wa. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní ọdún 1938, Àkàrà-Ògùn kò mú ìrìn àjò rẹ̀ wọ ilẹ̀ lọ. Ó wá òǹkọ̀wé rí, ó ní kí ó gbé kálàmù, ó sì rò ó fún un kí àwọn tó ń bọ̀ lè gbọ́n. Olùkọ́ ni Fágúnwà, ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ní Sókótó níhìn-ín pẹ̀lú, Nana Asma'u, ọmọ Shehu Usman dan Fodio, ẹni tí ó wà láyé láàrin ọdún 1793 sí 1864, fi ewì ní Fúlàní, Háúsá àti Lárúbáwá kọ́ àwọn obìnrin. Ó kọ́ àwọn jàjí, àwọn jàjí sì padà sí abúlé wọn lọ kọ́ ẹlòmíràn. Yan Taru ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà. Bí a bá ń wá akọni tí agbára rẹ̀ kò bá a kú, ìlú tí a wà yìí ni ó ti gbé.

Àgbálọgbábọ̀

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àjọ NFVCB tí ó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà kéde òfin lòdì sí fíìmù tí ó ń gbé oògùn owó lárugẹ. Òfin dára, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ti wò lórí fóònù kọjá ọwọ́ òfin. Olùkọ́ ni ó lè bá a tú u palẹ̀. A dábàá pé kí a máa lo fíìmù wọ̀nyí ní kíláàsì èdè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ Háúsá, Yorùbá àti Ìgbò tún ìtàn náà sọ ní èdè abínibí wọn. Kí wọ́n sì dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ nípa akọni kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí, kí àwa náà dáhùn ìbéèrè náà nípa ara wa. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé tí à ń wí yìí sì ni àwọn kíláàsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò gbà lọ́wọ́ wa.