Omi, Ìdákẹ́jẹ́ àti Iyán: Ìpadàbọ̀ Ẹni tí Ìyà Jẹ nínú Ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n àti Ògìyán Èjìgbò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àtúpalẹ̀ ìtàn ìwáṣẹ̀ nípa Òrìṣà Olúfọ́n, ẹni tó lo ọdún méje lẹ́wọ̀n ní Ọ̀yọ́ láìṣẹ̀, tó sì gba Èjìgbò kọjá nígbà tó ń lọ sílé. Agídí arúgbó, ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ Èṣù àti ìtúúbá ọba ni àwọn òǹkàwé sábà máa ń tẹnu mọ́. Èrò tiwa ni pé ìdúró ní Èjìgbò, lọ́dọ̀ ọmọ, ni ìtàn náà fi parí iṣẹ́ ìwòsàn tí omi Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀. A fi ìtàn náà wé ìtàn orírun ìjà ọdún Ògìyán àti ìrírí àwọn ọmọ Èjìgbò tí rògbòdìyàn lé kúrò ní Côte d'Ivoire. A sì tọ́ka sí ibi tí ìtàn náà ti kù díẹ̀ káàtó.

Ìfáàrà

Lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá kún fún ìtàn ẹni tó lọ sájò. Ìtàn ẹni tó bọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, pàápàá jù lọ ẹni tó bọ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ tí kò hàn lára. Bí akọni bá ti dé ẹnubodè ìlú rẹ̀, apàlọ́ a sáré parí ọ̀rọ̀, wọn a lùlù, wọn a jó, ó di àrọ́ko. Ìdí nìyí tí ìtàn Olúfọ́n fi yẹ ní àgbéyẹ̀wò ọ̀tọ̀. Ọ̀nà àbọ̀ inú rẹ̀ pín sí ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, olúkúlùkù ìgbésẹ̀ ló sì ní ẹni tó ń ṣe é àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe é.

Pierre Verger kọ ìtàn náà sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, Orixás, tó jáde ní ọdún 1981, àwọn ilé òrìṣà ní Bàhíà ní Brazil sì ń fi ìṣe ìsìn sọ ọ́ lọ́dọọdún. Ìlú tó ṣe pàtàkì nínú ìtàn náà jẹ́ mẹ́ta: Ifọ́n, Ọ̀yọ́ àti Èjìgbò. Ifọ́n àti Èjìgbò wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, wọn kò sì jìnnà púpọ̀ síra wọn.

Ìtàn náà ní ṣókí

Olúfọ́n ti darúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́. Babaláwo kìlọ̀ fún un pé ìrìn náà kò ní dára, ṣùgbọ́n ó taku. Wọ́n ní kó mú aṣọ funfun mẹ́ta àti ọṣẹ dání, kó má sì kọ ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀ ẹ́ láti ṣe lójú ọ̀nà, kó má sì ráhùn. Èṣù pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kó bá òun gbẹ́rù, ó sì da ẹrù náà lé e lórí: epo pupa, èédú àti àdín. Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni arúgbó náà wẹ̀, tó pààrọ̀ aṣọ, tó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin ọba tó ti sọnù, ó mú un láti dá a padà. Àwọn ìránṣẹ́ ọba rí i pẹ̀lú ẹṣin, wọ́n pè é lólè, wọ́n nà án, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n. Fún ọdún méje, òjò kọ̀ kò rọ̀, àwọn obìnrin kò bímọ, àìsàn gbòde. Ṣàngó difá, wọ́n sì sọ fún un pé arúgbó kan wà lẹ́wọ̀n láìṣẹ̀. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí àwọn èèyàn wọ aṣọ funfun, kí wọ́n lọ pọnmi lẹ́ẹ̀mẹta láìsọ̀rọ̀, kí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn èyí, Olúfọ́n kọrí sílé. Ó yà ní Èjìgbò lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, Ògìyán. Inú ọmọ dùn láti tún rí bàbá rẹ̀, ó se àsè ńlá, gbogbo ará ìlú sì jẹun.

Aṣọ mẹ́ta àti ìgbà kẹrin

Àwọn kan ka ìtàn yìí sí ẹ̀kọ́ nípa sùúrù: Olúfọ́n fara da ìyà, ó sì rí ẹ̀san rere. Ìkà bẹ́ẹ̀ kò bá àhunpọ̀ ìtàn náà mu. Ẹ jẹ́ kí a ka iye aṣọ. Aṣọ mẹ́ta ni Ifá ní kó mú dání, ìgbà mẹ́ta sì ni Èṣù dọ̀tí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìránṣẹ́ ọba gbá a mú, aṣọ ti tán. Ìwà tútù tó gbà á nígbà mẹ́ta kò lè gbà á nígbà kẹrin, nítorí pé ìgbà kẹrin yàtọ̀. Epo, èédú àti àdín jẹ́ ìdọ̀tí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ kúrò. Ẹgba, orúkọ olè àti ọdún méje nínú òkùnkùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn náà fi ààlà sáàárín ìnira tí ènìyàn lè dá mú mọ́ra àti ìyà tó ju agbára ẹnìkan lọ.

Nítorí náà, a kò gbọ́ nínú ìtàn náà pé Olúfọ́n wẹ ara rẹ̀ nígbà tó kúrò lẹ́wọ̀n. Àwọn mìíràn ni wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń sọ fún ẹni tí ìyà jẹ pé kó ṣe ọkàn akin, kó gbàgbé ohun tó ti kọjá, ń bá a wá aṣọ kẹrin tí kò sí nínú àpò.

Omi àti ìdákẹ́jẹ́

Àṣẹ tí Ṣàngó pa yani lẹ́nu. Ọba tí ìró ń kéde, tí ààrá jẹ́ ohùn rẹ̀, ló ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Bí a bá wo àṣà wa, a ó retí pé kí wọ́n ki arúgbó náà, nítorí oríkì ni a fi ń dá orúkọ padà fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ló sọ ọ́ di olè. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tó nà án. Ní ààfin Ọ̀yọ́, ọ̀rọ̀ ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Olúfọ́n. Omi ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

A rí irú ìdákẹ́jẹ́ yìí nínú ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ọdún 1821 ni wọ́n kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Àkọsílẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣe fi hàn pé wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, wọn kò sì lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni yóò túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kò wọ́n ọn. Síbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ so ọmọ àti ìyá pọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Èjìgbò?

Bó bá jẹ́ pé omi Ọ̀yọ́ ti tó, ìtàn ì bá parí ní ààfin. Ọba ti túúbá, òjò ti rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wẹ Olúfọ́n ni ẹni tí wọ́n ti ṣe é níkà nínú ilé rẹ̀. Bó ti wù kí Ṣàngó kábàámọ̀ tó, ní Ọ̀yọ́, ẹni tí a ṣẹ̀ ni Olúfọ́n yóò máa jẹ́. Gbogbo ojú tó bá wò ó níbẹ̀ yóò máa rántí ẹ̀wọ̀n. Ó nílò ibi tí orúkọ rẹ̀ ti ṣáájú ìyà rẹ̀, ibi tó ti jẹ́ bàbá kí ẹnikẹ́ni tó pè é lólè.

Ohun tí Ògìyán ṣe yàtọ̀ pátápátá sí ti Ṣàngó. Kò wẹ bàbá rẹ̀, a kò sì gbọ́ pé ó bi í léèrè ìyà tó jẹ. Oúnjẹ ló pèsè, kì í sì í ṣe fún bàbá nìkan bí kò ṣe fún gbogbo ìlú. Ẹ̀yìn àsè náà, arúgbó tí wọ́n ń ṣàánú rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ di ẹni tí ìlú tìtorí rẹ̀ yó. Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí a tọ́jú ènìyàn àti kí a dá a padà sí ipò rẹ̀ láàárín ẹbí. Orúkọ Ògìyán fúnra rẹ̀ bá iṣẹ́ yìí mu, nítorí pé òrìṣà tó ń jẹ iyán ni àwọn tó ń bọ ọ́ mọ̀ ọ́n sí. Odó àti ọmọ odó kì í dákẹ́. Ìró tí wọ́n fòfin dè ní Ọ̀yọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Èjìgbò.

Àwọn ilé òrìṣà Bàhíà lóye èyí. Ní àwọn ilé bíi Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Salvador ní ọdún 1910, àwọn olùsìn a máa wọ aṣọ funfun, wọn a pọnmi nínú ìdákẹ́jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àmọ́ ọdún náà kì í parí síbẹ̀. Odó Ògìyán, pẹ̀lú iṣu funfun tí wọ́n gún, ni wọ́n fi ń kádìí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n gbé ìsìn yìí kalẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní àǹfààní àtipadà sílé láé. Wọ́n fi ìyá, bàbá àti ọmọ inú òrìṣà dípò ẹbí tí wọ́n pàdánù. Wọn kò fi Èjìgbò sílẹ̀ nínú ìtàn náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tí wọ́n dè ti tún di òbí ẹnìkan.

Èjìgbò náà jẹ̀bi rí

Kò yẹ kí a sọ Èjìgbò di ìlú mímọ́ tí kò ní àbàwọ́n. Ìtàn mìíràn tí Verger tún kọ sílẹ̀ sọ nípa babaláwo kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ògìyán. Ó ti ìrìn àjò dé sí Èjìgbò, ó fi orúkọ àwàdà pe ọba gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kà á sí àrífín, wọ́n lù ú bí ẹni máa kú, wọ́n tì í mọ́lé. Ọdún méje tún kọjá láìsí òjò. Nígbà tí ọba bẹ̀ ẹ́, ó ní òun yóò dárí jì wọ́n bí àwọn ará Èjìgbò bá ń fi ọ̀pá na ara wọn lọ́dọọdún. Ìjà ọdún Ògìyán, tí ìhà méjì ìlú fi ń pàdé pẹ̀lú pàṣán, ló ń rán wọn létí.

Ìtàn méjèèjì jọra bí ìbejì: ẹni mímọ̀ tó dé, ìránṣẹ́ tí kò béèrè, ẹ̀wọ̀n, ọ̀dá. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú ẹni tó san gbèsè. Ní Ọ̀yọ́, ọba nìkan ló túúbá. Ní Èjìgbò, gbogbo ìlú ló gbà kí ara ta òun. Ìlú tó ti na ẹni tirẹ̀ rí, tó sì ń rántí rẹ̀ lọ́dọọdún, lè mọ bí a ṣe ń gba ẹni tí wọ́n nà níbòmíràn.

Àwọn tó ti Àbíjàn bọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Èjìgbò òde òní. Láti ayé amúnisìn ni àwọn ọmọ Èjìgbò àti ìlú agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé èdè Faransé kì í ṣe àjèjì lọ́jà Èjìgbò. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, àti nígbà rògbòdìyàn ẹ̀yìn ìdìbò ọdún 2010 sí 2011 tó gba ẹ̀mí nǹkan bí 3,000 ènìyàn, ọ̀pọ̀ wọn sá wálé. Àwọn Yorùbá tí ìjọba Ghana lé ní ọdún 1969 ti rí irú rẹ̀ ṣáájú wọn.

Ìlò tí a lè fi ìtàn Olúfọ́n lò hàn kedere níbí. Ìkíni tó ń dúró de ẹni tó ti Àbíjàn bọ̀ sábà máa ń ní ìbéèrè nínú: kí ló mú bọ̀? Ẹni tó sá àsálà kò mú nǹkan bọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Àbíjàn ni wọ́n bí i sí, kó jẹ́ pé ilé bàbá rẹ̀ ló ń rí fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹbí bá fi ìbéèrè ṣáájú, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ àwọn ìránṣẹ́ ọba. Bí wọ́n bá sì ń fi àánú tọ́jú rẹ̀ títí láì fi iṣẹ́ kankan lé e lọ́wọ́ nínú ilé, wọ́n dúró sí Ọ̀yọ́. Ìtàn náà ní ìgbésẹ̀ kẹta: kí a fi í sí ipò bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá, kí àwọn mìíràn lè rí nǹkan jẹ nítorí rẹ̀.

Ohun tí ìtàn náà kò sọ

Àlébù kan wà tí lámèyítọ́ kò gbọdọ̀ fojú fò. Àwọn obìnrin Ọ̀yọ́ tí kò bímọ fún ọdún méje kò na ẹnikẹ́ni. Ìyà wọn jẹ́ àmì lásán fún ìyà Olúfọ́n, kò sì sí ẹni tó pọnmi wẹ̀ wọ́n. Bákan náà, a kò gbọ́ ohùn aya Olúfọ́n tàbí ti ẹnikẹ́ni tó ń retí rẹ̀ ní Ifọ́n. Ìtàn náà mọ bí ọba ṣe ń pàdé ọba àti bí ọmọkùnrin ṣe ń gba bàbá lálejò. Kò mọ bí ẹni tó dúró sílé ṣe lo ọdún méje tirẹ̀. Nínú ìdílé tí wọ́n ti Côte d'Ivoire bọ̀, ìyàwó àti ìyá tó dúró sílé náà ní ọgbẹ́ tiwọn, ìtàn yìí kò sì ní omi kankan fún wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn Yorùbá ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìtàn Olúfọ́n fi kún un pé ọ̀nà ilé kì í tọ́ taara fún ẹni tí wọ́n ti ṣe níkà. Ó gba ibi omi kọjá, ó gba ibi ìdákẹ́jẹ́ kọjá, ó sì yà lọ́dọ̀ ẹni tó ń pè é ní bàbá. Bí a bá yọ Èjìgbò kúrò nínú rẹ̀, ohun tó kù ni ìtàn ọba tó ṣàṣìṣe tó sì túúbá. Bí a bá dá a padà síbẹ̀, ó di ìtàn arúgbó kan tó tún padà jẹ́ ara rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ni ní ìtàn yìí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yóò ṣe dáadáa bí wọ́n bá jẹ́ kí ó gùn dé Èjìgbò, kí wọ́n sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ifọ́n ní gbogbo ọdún méje náà.