Fíìmù Ogun ní Ilé-Ìkàwé: Ọ̀rọ̀ lórí Ìyẹ́sí àti Àtúnṣe

1. Ìfáárà

Ó ti di àṣà ní Amẹ́ríkà pé kí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé gbogbogbòò máa to àga sílẹ̀ lọ́dọọdún nígbà ìrántí àwọn tó kú sójú ogun, nínú oṣù karùn-ún, àti ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, tí í ṣe ọjọ́ àwọn ológun fẹ̀yìntì. Wọn a fi fíìmù tó sọ ìtàn gidi nípa ogun han ará ìlú, wọn a sì pe àwọn tó ti jagun wá jókòó níwájú. Èrò pépà yìí ni pé ìyẹ́sí tí fíìmù nìkan bá ṣe kò tíì pé, àti pé ohun tí yóò mú un pé wà nínú ilé-ìkàwé náà fúnra rẹ̀. Ìjálá ni òṣùwọ̀n tí ó gbé kalẹ̀.

2. Ìjálá gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n

Babalọlá (1966) ti fi hàn pé bí oníjàálá kan bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lójú agbo, oníjàálá mìíràn lè dá a lẹ́kun kí ó sì tún un ṣe. Ẹni tí wọ́n bá náà lè wí tẹnu rẹ̀. Nítorí náà, ìyẹ́sí inú ìjálá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo. Agbo ní láti fọwọ́ sí i. Fíìmù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é ti parí ọ̀rọ̀ kí òǹwòran tó jókòó, ẹni tí wọ́n sì fo orúkọ rẹ̀ kò rí àyè dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun.

3. Fíìmù The War

Ken Burns àti Lynn Novick ni wọ́n ṣe fíìmù yìí, tó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn PBS ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, 1ọdún 2007. Ìpín méje ni, ó sì gba nǹkan bí wákàtí 15. Ìlú mẹ́rin ni ó fi wo Ogun Àgbáyé Kejì: Waterbury, Mobile, Sacramento àti Luverne. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni pé kò gbé ìtàn náà lé àwọn ọ̀gágun tàbí àwọn onímọ̀ ìtàn lọ́wọ́. Àwọn tó jà àti àwọn tó ń retí wọn nílé ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀n-ún.

Ṣùgbọ́n ta ni ó yan oníkàn? Kí fíìmù náà tó jáde ni àwọn ará Amẹ́ríkà tí ìran wọn wá láti Mexico àti àwọn ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n ti ń sọ èdè Spain ti fi ẹ̀hónú hàn pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ológun wọn láàrin àwọn tó sọ̀rọ̀. Maggie Rivas-Rodriguez, olùkọ́ ní Yunifásítì Texas ní Austin, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Burns fi nǹkan bí ìdajì wákàtí kún iṣẹ́ náà, níbi tí méjì nínú wọn àti ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan ti sọ̀rọ̀. Ìparí àwọn ìpín kan ni ó fi í sí; kò wọ inú ìtàn gan-an. Ó dà bí oríkì tí a ki fún àlejò nígbà tí onílù ti ń palẹ̀ mọ́.

Lóòótọ́, fíìmù náà jẹ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ìtàn kan kò lè kó gbogbo ogun náà já. Ìjẹ́wọ́ yìí tọ́, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè ẹni tó ń wá baba rẹ̀ lójú fíìmù tí kò rí i. Èyí tó wúwo jù ni pé láti ọdún 1999 ni Rivas-Rodriguez ti ń gba ohùn àwọn ológun wọ̀nyí sílẹ̀ ní yunifásítì rẹ̀. Ohùn wọn ti wà ní ìpamọ́ kí fíìmù tó dé.

4. Ohun tí Ilé-Ìkàwé Ní

Níbí ni iṣẹ́ ilé-ìkàwé ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2000, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà fi òfin dá Veterans History Project sílẹ̀ ní Library of Congress láti máa gba ìtàn lẹ́nu àwọn ológun. Nígbà tí The War fẹ́ jáde, PBS bá wọn dòwò pọ̀ kí àwọn òǹwòran lè gba ìtàn àwọn ológun tó wà nítòsí wọn sílẹ̀. Ètò báyìí fún bàbá àgbàlagbà tó jókòó níwájú láyè láti sọ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, kí ọ̀rọ̀ náà sì di àkọsílẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà nílẹ̀ Yorùbá. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, fara gbọgbẹ́ ní Bọ́mà ní oṣù kẹta, ọdún 1944. Àwọn ará abúlé fi òun àti ọmọ ogun kan láti Sàró pamọ́ títí di oṣù Kejìlá. Ó kọ ìtàn náà fúnra rẹ̀. Ìwé náà jáde ní Madison, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1999. Ọdún 2011 ni Barnaby Phillips tó ṣe The Burma Boy fún Al Jazeera, tó sì mú lẹ́tà ọpẹ́ Fadoyebo lọ fún ìdílé Shuyiman, ẹni tó dáàbò bò ó. Ìwé ló ṣáájú fíìmù. Fíìmù fi ìrìn-àjò oníròyìn hàn wá. Inú ìwé ni ohùn ológun náà wà láìsí alágbàsọ.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ilé-ìkàwé tó kàn fi fíìmù hàn, tó pàtẹ́wọ́, tó sì tan iná, ti sọ ara rẹ̀ di ilé sinimá. Èyí tó bá kó ìwé, lẹ́tà àti ohùn àwọn tí fíìmù fò jáde sórí tábìlì ti dá agbo padà sípò. Fadoyebo kú ní ọdún 2012, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ kù kò sì pọ̀ mọ́. Bí kò bá sí ẹni tí yóò dá fíìmù lẹ́kun lójú agbo mọ́, àkọsílẹ̀ nìkan ni yóò lè ṣe é.