Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Ìdákẹ́jẹ́: Ìgbéléwọ̀n Ọ̀rọ̀ Àwọn Olóòtú Ètò Orin Kílásíkà lórí Rédíò

1.0 Ìfáárà

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ tí àwọn àgbà sọ ọ́ ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Àbùdá ẹ̀rọ náà ni orúkọ yìí tọ́ka sí: ó ń sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ kò sì lè fèsì. Àbùdá kan náà ni ó wà ní ìdí awuyewuye tí ó ti ń lọ láàrin àwọn olùgbọ́ orin kílásíkà, pàápàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Orin kílásíkà níhìn-ín ni orin ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ohùn àti ohun èlò, irú ti Bach, Beethoven àti Tchaikovsky. Ẹ̀sùn àwọn olùgbọ́ náà ni pé àwọn olóòtú ètò ń sọ̀rọ̀ jù, àti pé ọ̀rọ̀ wọn ń bo orin mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ yìí yẹ ẹ̀sùn náà wò pẹ̀lú ojú lámèyítọ́. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe pípọ̀ ọ̀rọ̀ ni àléébù náà, bí kò ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ kọjú sí àti ìgbà tí ó wọlé.

2.0 Ìtàn Ọ̀rọ̀ náà ní Ṣókí

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1946 ni BBC dá Third Programme sílẹ̀. Alẹ́ ni ó ń wáyé. Orin, eré onítàn, ewì àti àsọyé ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ lórí rẹ̀. Akéde a máa sọ orúkọ iṣẹ́, ẹni tí ó kọ ọ́ àti àwọn tí ó ṣe é, lẹ́yìn èyí yóò dákẹ́. Ní 1967 ni orúkọ Radio 3 dé, nígbà tí ó sì di 1970, orúkọ Third Programme ti kúrò nílẹ̀.

Nǹkan yí padà ní 1992. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Classic FM bẹ̀rẹ̀. Òun ni ilé iṣẹ́ rédíò oníṣòwò àkọ́kọ́ tí ohùn rẹ̀ dé jákèjádò orílẹ̀-èdè Britain. Ìpolówó ọjà ni ó ń bọ́ ọ. Nítorí náà, abala kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń lò dípò odidi iṣẹ́, olóòtú rẹ̀ a sì máa bá olùgbọ́ sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Radio 3 náà kò káwọ́ gbera. Ní ọdún kan náà ni ó dá On Air sílẹ̀ fún òwúrọ̀ àti In Tune fún ìrọ̀lẹ́. Ní 1995, ó gbé ètò òwúrọ̀ kan fún Paul Gambaccini, ẹni tí òkìkí rẹ̀ ti kàn tẹ́lẹ̀ nídìí orin pop. Àtakò pọ̀, ètò náà kò sì pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí ó di 2003, àwọn olùgbọ́ kan dá ẹgbẹ́ Friends of Radio 3 sílẹ̀ láti máa gbé ẹ̀hónú wọn kalẹ̀.

3.0 Ẹ̀sùn Àwọn Olùgbọ́

Bí wọ́n bá tú ẹ̀sùn náà palẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni ó pín sí.

3.1 Ìgbà tí ọ̀rọ̀ wọlé. Símfónì Kẹfà tí Tchaikovsky kọ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere. Oṣù kẹwàá ọdún 1893 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní St Petersburg, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré kí ẹni tí ó kọ ọ́ tó kú. Abala kẹta rẹ̀ parí pẹ̀lú ariwo bí ẹni pé ogun ti ṣẹ́. Abala kẹrin, tí ó kẹ́yìn, ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ohun èlò olókùn tí ohùn wọn jinlẹ̀ jù lọ, títí ó fi wọ inú ìdákẹ́jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Olóòtú tí ó bá wọlé kí ìró tó tán nílẹ̀ kò sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ rárá. Ìparí iṣẹ́ ni ó gé sọnù. Bí ó bá sì ṣe abala kẹta nìkan ni ó lò, tí ó ń bá a yọ̀, olùgbọ́ tí kò mọ iṣẹ́ náà yóò rò pé ìṣẹ́gun ni Tchaikovsky ń ròyìn. Kò ní mọ̀ pé abala kẹrin ni ó wá sọ ìṣẹ́gun náà di asán.

3.2 Ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹ̀sùn kejì ni pé olóòtú ń sọ nípa ara rẹ̀: oúnjẹ òwúrọ̀ rẹ̀, ojú ọjọ́, ìrìn àjò rẹ̀. Ó tún ń ka iṣẹ́ tí àwọn olùgbọ́ rán sí i. Lójú ẹsẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé asọ̀rọ̀mágbèsì ti ń gba èsì nìyẹn. Ṣùgbọ́n olóòtú ni ó ń yan èsì tí yóò jáde, ohun tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ lé lórí kì í sábà jẹ́ orin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ ń wù kò ní ohun tí yóò fi ránṣẹ́.

3.3 Ìtọ́ni nípa ìmọ̀lára. Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Olóòtú a máa sọ fún olùgbọ́ ṣáájú bí orin yóò ṣe rí lára rẹ̀: èyí yóò fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀, èyí yóò mú orí rẹ wú. Ọ̀nà yìí ti gbòòrò dé ibi pé ní 2024, BBC dá Radio 3 Unwind sílẹ̀ fún orin ìfọ̀kànbalẹ̀. Ìtura kì í ṣe ohun búburú. Ṣùgbọ́n bí ìtura bá di òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, orin tí ó ń bínú, tí ó ń ṣọ̀fọ̀ tàbí tí ó ń bèèrè ìbéèrè kò ní ibùjókòó mọ́.

4.0 Àwíjàre Àwọn Olóòtú

Kò ní bójú mu kí ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo di ẹjọ́ dídá. Àwọn tí ó ń gbè sẹ́yìn olóòtú sọ pé ìgbéraga ni ó wà nídìí ẹ̀sùn náà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Akéde tí ó wí pé símfónì kan báyìí ni, nọ́ńbà rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ nìyí, tí ó sì dákẹ́, ti sọ ohun gbogbo fún ẹni tí ó mọ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò mọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ lè di ìlẹ̀kùn títì. Bákan náà, rédíò kò ní ojú. Bí wọ́n bá ń gbé orin láti gbọ̀ngàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe ojú fún ẹni tí ó wà nílé.

Ìtàn rédíò pàápàá kò gbè sẹ́yìn ẹni tí ó bá ní kí gbogbo olóòtú dákẹ́. Karl Haas, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìjọba Hitler, bẹ̀rẹ̀ ètò Adventures in Good Music ní Detroit ní 1959. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń tẹ dùùrù láti fi ohun tí ó ń sọ hàn. Síbẹ̀ àwọn olùgbọ́ kò fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ilẹ̀ Kánádà, Clyde Gilmour ṣe Gilmour's Albums lórí CBC láti 1956 títí di 1997. Orin tí ètò náà fi ń wọlé jẹ́ iṣẹ́ ọmọ Yorùbá: “Akinla”, láti inú African Suite tí Fẹlá Ṣówándé kọ ní 1944. Gilmour sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ń yọ àwo orin jáde nínú ilé rẹ̀ fún àlejò. Àwo náà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń tọ́ka sí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjì yìí àti àwọn tí ẹ̀sùn kàn kì í ṣe iye ọ̀rọ̀. Tiwọn ń sin olùgbọ́ dé ẹnu ọ̀nà orin, ó sì ń yà fún un.

5.0 Òṣùwọ̀n láti inú Lítíréṣọ̀ Alohùn

Yóò ṣini lọ́nà bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé àṣà Yorùbá fọwọ́ sí ìdákẹ́jẹ́ níwájú iṣẹ́ ọnà. Àwùjọ Yorùbá kì í dákẹ́ níwájú apohùn. Ìwádìí Adébóyè Babalọlá lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, fi hàn pé ọ̀jẹ̀wé onìjálá mìíràn lè já lu ẹni tí ó ń sun ìjálá bí ó bá rí i pé ó ti ṣì í sun, ẹni tí wọ́n já lù náà sì lè gbèjà ara rẹ̀. Nǹkan méjì ni ó mú kí ìjálù yìí yẹ. Èkíní, ìjálá fúnra rẹ̀ ni ó dá lé, ìyẹn òtítọ́ àti pípé rẹ̀. Èkejì, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà níbẹ̀ láti fèsì. Ọ̀rọ̀ olóòtú tí ẹ̀sùn kàn kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì: kò dá lórí orin, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó kọ orin àti ẹni tí ó ń gbọ́ ọ kò sí ní ibi tí wọ́n ti lè dá a lóhùn.

6.0 Àsọkágbá

Ohun tí ó hàn nínú àyẹ̀wò yìí ni pé ẹ̀hónú àwọn olùgbọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n fún un kò péye. Ìsọkúsọ ni wọ́n ń sá fún. Ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Bí ilé iṣẹ́ rédíò bá gbà wọ́n gbọ́ tán tí ó sì pa gbogbo olóòtú lẹ́nu mọ́, ẹni tí kò tíì gbọ́ irú orin yìí rí ni yóò pàdánù. Bí kò bá sì kà wọ́n sí, orin ni yóò pàdánù, nítorí yóò di ohun tí ń kún àlàfo láàrin ìtàkúrọ̀sọ méjì. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dénú rẹ̀ yóò di odidi. Olóòtú tí ó mọṣẹ́ ni ó ń sọ àbọ̀ náà, tí ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀ fún orin.