Àtúnkùn Kọ́ ni Àtúnṣe

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà nínú èdè wa tí à ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n: àtúnṣe àti àtúnkùn. Bí ilé ẹnìkan bá ń jò, tí onílé sì fi ọ̀dà funfun kun ara ògiri nítorí ọdún tó ń bọ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò kí i pé ó kú àtúnṣe ilé. Òjò nìkan ni kò ní í bá wọn kí i. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Mo lè mú àpẹẹrẹ láti inú ìwé, nítorí ìwé ni iṣẹ́ mi; ṣùgbọ́n alùpùpù àtijọ́ kan tó jẹ́ ti bàbá mi ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Òun ni ó kọ́ mi ní ìyàtọ̀ náà, owó ẹ̀kọ́ tí mo sì san kò kéré.

Honda ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CD175. Sìlíńdà méjì ni ó ní, pẹ̀lú jíà mẹ́rin. Ṣéènì rẹ̀ sì wà nínú ilé irin tó bò ó yípo, kí erùpẹ̀ àti òjò má baà dé ibẹ̀. Bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, rà á ní 1975 nígbà tí owó Údójì kan òun náà. Àwọn tó bá dàgbà tó yóò rántí pé owó yìí kó oríṣiríṣi nǹkan wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́: rédíò, fíríìjì, aṣọ léèsì, àti alùpùpù. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò tíì máa pe alùpùpù ní ọ̀kadà. Ẹ̀yìn ìgbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983 ni àwọn ènìyàn tó fi ẹ̀fẹ̀ yá orúkọ rẹ̀ fún alùpùpù akérò. Ní abúlé tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, tíṣà, wolé-wolé àti àwọn tó ń yẹ kòkó wò ni wọ́n ń gun alùpùpù. Ìró rẹ̀ láti òkèèrè ti tó láti sọ fún ará oko pé akọ̀wé ń bọ̀.

Bàbá mi fi owó díẹ̀ lé owó ọjà, ó ní kí akọ̀wé ara ọkọ̀ kan kọ ọ̀rọ̀ sí ara ìdérí irin tó wà lábẹ́ ìjókòó: ẸSỌ L'AIYE. Ọ̀dà pupa ni ó fi kọ ọ́, ó sì fi funfun tẹ etí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò sí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ mọ ìtàn àkọtọ́ Yorùbá yóò ti rí ibi tí mo ń lọ. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò dòní, èyí tó sọ ‘aiye’ di ‘ayé’. Ọdún kejì rẹ̀ ni akọ̀wé ara ọkọ̀ yìí mú búrọ́ọ̀ṣì. Àkọtọ́ tí ó bá lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ni ó sì fi kọ ọ́. Bàbá mi, tó ń fi àkọtọ́ tuntun kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Lára ìdérí yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ lẹ́tà, kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́.

Ní 1991 ni ojú kò jẹ́ kí bàbá mi gùn ún mọ́. Wọ́n tì í sí abẹ́ àtíbàbà ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkirè. Bàbá mi kú ní 2009. Adìẹ ń yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀. Èkúté sọ inú iná iwájú di ilé. Àwọn tó ń ra irin àlòkù dá owó lé e ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìyá mi kò gbà. Ní 2016 ni àánú rẹ̀ ṣe mí, tàbí kí n sọ òótọ́: ó ń tì mí lójú. Ayẹyẹ kan ń bọ̀ nínú ilé wa, mo sì fẹ́ kí àwọn àlejò bá a ní mímọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kun mọ́tò. Ó fi sáńpépà ha gbogbo ara rẹ̀, ó fi ọ̀dà dúdú tó ń dán kùn ún. Nígbà tí ó kan ìdérí, mo dúró tì í. Mo ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n kí ó kọ ọ́ bó ṣe tọ́. Mo ń tọ́ka ibi tí àmì ohùn yóò wà fún un bí ẹni ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò: Ẹ̀SỌ̀ LAYÉ.

Ìyá mi jáde wá wò ó. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì. ‘Alùpùpù ta nìyí?’ Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Àwọn àlejò yìn ín lóòótọ́, títí ọ̀kan nínú wọn fi gbé ẹsẹ̀ lé kíìkì rẹ̀. Kò sún rárá. Ẹ́ńjìnnì ti gan.

Àṣìṣe méjì ni mo ṣe, wọn kò sì wúwo bákan náà. Èkíní ni èyí tí àwọn àgbà ti pa òwe mọ́ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìyẹn ṣeé tún ṣe. Owó ọ̀dà nìkan ni ó bá a lọ. Èkejì ni kò lóògùn. Mo mú ohun tí ẹlòmíràn kọ, mo ní kí wọ́n ha á dànù, mo fi èyí tí mo gbà pé ó tọ́ rọ́pò rẹ̀, mo sì pè é ní àtúnṣe. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí àwa tí à ń gba ohùn àwọn onírárá, àwọn oníjàálá àti àwọn babaláwo sílẹ̀, tí à ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Mélòó nínú wa ni kò tíì bá apohùn ‘tún’ gbólóhùn ṣe rí, nítorí pé ẹ̀ka èdè rẹ̀ kò bá ti ìwé mu? Ohun tí a bá ha dànù báyìí, bí kò bá sí ibòmíràn tí a gbé e pamọ́ sí, ó lọ nìyẹn.

Ní 2021 ni mo rí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Àgbà mẹkáníìkì kan ni, tó ti ń tún irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ṣe láti ìgbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò tú nọ́ọ̀tì kan. Ìbéèrè ni ó ń béèrè. ‘Tíṣà, ọdún mélòó ni ó ti dúró? Ṣé epo wà nínú táǹkì nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀? Ta ló ti tẹ̀ ẹ́ láti ìgbà náà?’ Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ́ìlì tó gbẹ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì wò, ó gbóòórùn rẹ̀. Mo rí i pé kíkà ni ó ń ka alùpùpù náà kí ó tó sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Èmi tí mo pe ara mi ní olùkọ́ ìwé kíkà kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó bá dúró fún ọgbọ̀n ọdún kì í bàjẹ́ ní ojú kan ṣoṣo. Ríǹgì ara píṣítìnì a máa dógùn-ún mọ́ ara sìlíńdà. Bẹntiróòlù tó ṣẹ́kù a gbẹ, ohun tí ó bá sì fi sílẹ̀ a dà bí oje igi, a dí ihò jẹ́ẹ̀tì inú kábúrétọ̀, ihò tí kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Rọ́bà a gbẹ, a sán. Táǹkì a dógùn-ún láti inú, níbi tí ojú kò tó. Èmi fẹ́ kí á fi páìpù irin gùn kíìkì lápá, kí á fi agbára tẹ̀ ẹ́. Bàbá náà kọ̀ fún mi. Ó ní bí a bá fi tipátipá yí i, ríǹgì yóò ṣẹ́, àfọ́kù rẹ̀ yóò sì ha ara sìlíńdà bí èékánná. Ó tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ó da dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ó rọ ọ́ sínú ihò wọn, ó ní kí á fi í sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó fi ń rọ díẹ̀díẹ̀ sí i. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó kó o sí jíà kẹrin, ó di táyà ẹ̀yìn mú, ó rọra ń mì í síwá sẹ́yìn. Ó sún, kò ju ìbú ìka kan lọ. Ó jáwọ́. ‘Ó tó fún tòní.’

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko: láti ọdún gbọọrọ ni mo ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní òwe yìí, n kò sì rí i kí ó ṣiṣẹ́ lójú mi rí àfi lọ́jọ́ náà. Ohun tí bàbá mi ní kí wọ́n kọ sára alùpùpù náà gan-an ni.

Ẹ̀kọ́ mìíràn wà lára sukurú. Sukurú olójú àgbélébùú ni àwọn ará Jàpáàn fi de ìdérí ẹ́ńjìnnì náà. Ojú wọn jọ ti sukurú onísítà tó kún ọjà wa débi pé ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n imú irinṣẹ́ ọjà kì í wọnú ti Jàpáàn délẹ̀. Bí a bá fi í yí èyí tó ti le, yóò fò jáde, yóò sì jẹ ojú sukurú náà di ihò róbótó. Àwọn tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ti jẹ mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ tó jọ èyí tó yẹ a máa ba nǹkan jẹ́ ju èyí tí kò jọ ọ́ rárá lọ, nítorí pé ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò ní í fura.

Nínú ẹ́ńjìnnì, a bá agolo kékeré kan tó ń yí, tí yíyí rẹ̀ sì ń ju ìdọ̀tí inú ọ́ìlì sí etí. Òun ni asẹ́ alùpùpù yìí. Ẹrẹ̀ dúdú tó wà nínú rẹ̀ ti le bí àmọ̀. Mo rántí pé bàbá mi máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì déédéé. Ó dájú pé kò sí ẹni tó sọ fún un pé à ń ṣí agolo yìí. Ohun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa jẹ tán, a pààrọ̀ wọn láìbojúwẹ̀yìn: ríǹgì, táyà, wáyà bíréèkì, rọ́bà, bátìrì. A lọ sí Agodi Gate ní Ìbàdàn, a ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ ní Èkó. Ohun tó ṣì lè ṣiṣẹ́, a fọ̀ ọ́, a wọ̀n ọ́n: àlàfo kọ́ńtáàtì, mìlímítà 0.3 sí 0.4, àlàfo fáàfù, mìlímítà 0.05. Ẹsẹ̀ bíréèkì ẹ̀yìn ti ṣẹ́ rí ní 1983, bàbá mi sì ṣubú. Wẹ́dà kan jó o pọ̀, ojú rẹ̀ rí gbágungbàgun. Mo fẹ́ kí á ra òmíràn. Bàbá mẹkáníìkì fi òòlù kékeré lù ú, ó tẹ́tí. ‘Kí ló ṣe é?’ Ó fi í síbẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé kan ta kò mí pé ọlá ọdọ́ọdún ni mo ń sọ, pé mẹkáníìkì ojú títì tó ń fi okùn àti rọ́bà so nǹkan pọ̀ ‘kó ṣáà máa lọ’ kò ní ààyè fún irú èyí. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n àwọn wọ̀nyí ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa máa rìn nígbà tí ẹ̀yà ara wọn kò sí lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1976, nígbà tí Honda gbé CG125 jáde. Wọ́n ti wo bí a ṣe ń lo alùpùpù ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Wọ́n padà sí ẹ́ńjìnnì tí ọ̀pá ń ṣí fáàfù rẹ̀, nítorí pé ó lè fara da ìyà ju èyí tí ṣéènì ń yí fáàfù rẹ̀ lókè lọ. Ọgbọ́n ńlá ni. Síbẹ̀, wọ́n ka ìwà wa bí ẹni ń kàwé, wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ tó lè dárí ji ìwà náà. CD175 kì í dárí jini.

Àwọn kan sì wà ní òdìkejì, tí wọ́n ń tún alùpùpù àtijọ́ ṣe títí yóò fi mọ́ ju ọjọ́ tí ó jáde ní ilé iṣẹ́ lọ, tí wọn kò sì ní í gùn ún. Àwọn náà ti ha ọdún tó wà lára rẹ̀ dànù. Lójú tèmi, ọ̀nà àwọn baba wa sàn ju méjèèjì lọ. Ẹ wo aṣọ eégún ìdílé. Bí ọdún bá dé, aṣọ tuntun ni wọ́n ń fi lé e lórí. A kì í tú ti ìsàlẹ̀ dànù nítorí pé ó ti gbó. Eégún náà a sì jáde, a jó. Bí kò bá lè jó, ẹrù aṣọ lásán ni.

Àbúrò mi dámọ̀ràn pé kí á pe ẹni tí yóò kọ ìdérí náà padà ní àkọtọ́ àtijọ́. Mo kọ̀. ‘Aiye’ tí ọwọ́ òní bá kọ, ayédèrú ni. Mo fi ti èmi síbẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé pérépéré, kí ó máa jẹ́rìí sí ohun tí mo ṣe.

Oṣù kẹta lẹ́yìn tí a bẹ̀rẹ̀ ni ó dáhùn. Bàbá mẹkáníìkì tẹ kíìkì lẹ́ẹ̀mẹta, kò sọ̀rọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, èéfín bo àgbàlá, ìró náà sì dé, ìró kan náà tó máa ń wọlé ní agogo mẹ́ta ọ̀sán nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìyá mi, tó ń lọ sí ọgọ́rin ọdún, jáde láti inú yàrá. Kò wo ọ̀dà, kò wo ohun tí mo kọ.

‘Bíréèkì rẹ̀ ńkọ́?’

Mo ní, ‘Ó ṣiṣẹ́, Màámi.’

Ó ní kí n gùn ún dé ìdí igi máńgòrò, kí òun rí i bí n ó ṣe dá a dúró.