Owó Ìbẹ̀wò Aláìsàn: Ìwé Ishimure lórí Ìdọ̀tí Minamata

Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi òwe yìí bá ẹni tí ó ṣẹ̀ wá wí, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí a lò ó fún ohun tí òwe náà dárúkọ gan-an, èyíinì ni ẹ̀gbin àti ẹni tí yóò palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìwé tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín dá lórí ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ ilẹ̀ Japan ni ó kọ ọ́, obìnrin kan tí ń jẹ́ Ishimure Michiko. Ọdún 1969 ni ìwé náà jáde, Kugai Jōdo sì ni àkọlé rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá pè é, a lè pè é ní Òkun Ìyà, Ilẹ̀ Mímọ́. Èmi kò gbọ́ èdè Japan. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Livia Monnet ṣe, tí ó jáde ní 1990, ni mo kà.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé kí ni ẹja ilẹ̀ Japan wá ṣe nínú ìwé ẹgbẹ́ Yorùbá. Ìdáhùn mi ni pé ọ̀rọ̀ èdè ni mo bá wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja nìkan. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìwé yìí ni pé kí ilé iṣẹ́ tó lè da ìdọ̀tí sínú omi kí ó sì mú un jẹ, ó ní láti kọ́kọ́ wá orúkọ dídùn fún ohun tí ó ń ṣe. Iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni láti já orúkọ náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Minamata jẹ́ ìlú kan ní etí òkun Shiranui, ní agbègbè Kumamoto, ní erékùṣù Kyushu. Ilé iṣẹ́ Chisso wà níbẹ̀, ó sì ń ṣe acetaldehyde, ohun olómi kan tí wọ́n ń lò nínú iṣẹ́ ike ṣíṣe. Mẹ́kúrì, irin olómi tí ó máa ń wà nínú ohun tí àwọn dókítà fi ń wọn ìgbóná ara láyé àtijọ́, ni wọ́n fi ń mú iṣẹ́ náà yá. Nínú ẹ̀rọ wọn, apá kan lára mẹ́kúrì yìí a máa yí padà di oríṣi mìíràn tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, tí ara tètè máa ń gbà wọlé. Omi ìdọ̀tí gbé e lọ sínú òkun. Àwọn ohun kéékèèké inú omi jẹ ẹ́, ẹja kékeré jẹ wọ́n, ẹja ńlá jẹ ẹja kékeré, ènìyàn àti ológbò sì jẹ ẹja. Ọpọlọ ni májèlé náà ń bá jà. Àwọn ológbò bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ń jó, àwọn mìíràn ń bẹ́ sínú òkun. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ènìyàn ń gbọ̀n, ojú wọn ń ṣú, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1956 ni a fi àìsàn náà tó ìjọba létí. Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ náà tó jáwọ́ nínú ọ̀nà iṣẹ́ yìí. Ìgbà tí ó jáwọ́ tán ni ìjọba ilẹ̀ Japan tó sọ ọ́ gbangba pé omi rẹ̀ ni ó fa àìsàn náà. Ọdún méjìlá gbáko!

Ishimure kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò. Amakusa ni a ti bí i ní 1927, Minamata ni ó gbé dàgbà, ìyàwó ilé sì ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Oríṣi èdè méjì ni ó wà nínú ìwé rẹ̀. Èkíní ni èdè ìwé: ìròyìn àwọn dókítà, ìwé àdéhùn, ọ̀rọ̀ àwọn ìgbìmọ̀. Èkejì ni ẹ̀ka-èdè àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ létí omi. Kò pò wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè dán. Ó gbé wọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì fi ìdájọ́ sílẹ̀ fún òǹkàwé. Ní ibì kan dókítà yóò kọ ọ́ pé ọwọ́ aláìsàn ń gbọ̀n. Ní ibòmíràn Yuki, ìyàwó apẹja, yóò máa sọ bí òun àti ọkọ òun ṣe máa ń wa ọkọ̀ lọ sójú òkun, bí omi ṣe ń rí ní àkókò kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, àti bí ó ti ń wu òun láti padà síbẹ̀ pẹ̀lú ara tí kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́. Ìròyìn dókítà sọ ohun tí ara Yuki ń ṣe. Yuki sọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà kò purọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Mokutaro, ọmọ tí májèlé ti bá nínú oyún. Kò lè rìn, kò sì lè sọ̀rọ̀. Bàbá àgbà rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nípò rẹ̀, tí ó ń mu ọtí, tí ó ń ro ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ náà nígbà tí òun bá kú. Àwọn dókítà ìgbà náà gbà pé ibi ọmọ máa ń dí májèlé lọ́nà kí ó má baà dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀. Ara Mokutaro àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ayé fi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé náà ti lágbára jù lọ lójú mi ni ọ̀rọ̀ àdéhùn ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1959. Nínú àdéhùn yìí, ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 300,000 yen lórí ẹni tí ó bá kú, 100,000 yen lọ́dún fún àgbàlagbà tí ń ṣàìsàn, àti 30,000 yen lọ́dún fún ọmọdé. Orúkọ tí wọ́n pe owó náà ni mimaikin. Mimai ni ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Japan ń lò fún lílọ kí aláìsàn. Kin ni owó. Owó ìbẹ̀wò aláìsàn nìyẹn. Ẹ rò ó wò. Ta ni ń mú owó dání lọ kí aláìsàn? Ará ni, ọ̀rẹ́ ni, aládùúgbò ni. Ẹni tí kò jẹ aláìsàn ní gbèsè, tí àánú nìkan ṣe. Ẹni tí ó ṣá ọmọnìkejì rẹ̀ ní àdá kì í mú ọsàn lọ kí i ní ilé ìwòsàn, kí ó sì jókòó máa retí ọpẹ́. Ní ilẹ̀ wa, owó ìtanràn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń san, orúkọ owó náà a sì ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí a tó kà á. Ìlà kan nínú àdéhùn náà tún sọ pé bí a bá tilẹ̀ wá rí i lẹ́yìn ọ̀la pé omi ilé iṣẹ́ náà ni ó fa àìsàn, àwọn aláìsàn kò gbọdọ̀ béèrè owó mìíràn mọ́. Alábẹ̀wò wo ni ń kọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé?

Bẹ́ẹ̀ ni, ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe aláìmọ̀kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Hosokawa, dókítà ilé ìwòsàn ilé iṣẹ́ náà, ti bu omi ìdọ̀tí náà sí oúnjẹ ológbò kan, àìsàn yẹn gan-an ni ó sì ṣe ológbò náà. Wọ́n bo àbájáde rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní oṣù kejìlá, wọ́n fi ayẹyẹ ṣí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ní yóò máa fọ omi náà mọ́, ṣùgbọ́n a kò ṣe ẹ̀rọ náà láti yọ mẹ́kúrì yìí. Orúkọ dídùn méjì nínú oṣù kan ṣoṣo: ẹ̀rọ ìfọmimọ́ tí kò fọ omi mọ́, àti owó ìbẹ̀wò tí kì í ṣe ìbẹ̀wò. Ọdún 1973 ni ilé ẹjọ́ Kumamoto tó dá ilé iṣẹ́ náà lẹ́bi, tí ó sì sọ pé àdéhùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ó lòdì sí ìwà rere àwùjọ.

Àríyànjiyàn kan wà lórí ìwé yìí tí ó yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ èdè dá sí. Watanabe Kyōji, olóòtú tí ó bá Ishimure ṣiṣẹ́, ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu Yuki àti ti bàbá àgbà kì í ṣe ohun tí obìnrin náà fi ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n wò, ó fetí sí wọn, ó sì kọ ohun tí ó gbà pé ó wà lọ́kàn wọn. Ẹnìkan lè sọ pé ìwé tí ó fẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, nígbà tí eégún bá fi ohùn ará ọ̀run kí àwọn ọmọ rẹ̀, a kì í pè é ní òpùrọ́. Ohun tí a ń wò ni bóyá ó mọ oríkì ilé náà. Ishimure mọ̀ ọ́n. Ó mọ orúkọ ẹja, ó mọ afẹ́fẹ́ òkun, ó mọ bí àgbàlagbà ṣe ń pa ìbínú mọ́ sínú àwàdà. Mokutaro kò sì lè sọ̀rọ̀. Bí a bá ní ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ ní agbẹnusọ, ilé iṣẹ́ nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí ó ti sọ fún òǹkàwé láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀nà tí òun gbà nìyí.

Àléébù mìíràn tí mo rí ni pé Ishimure fẹ́ràn òkun náà tó bẹ́ẹ̀ tí ìgbé ayé apẹja ṣáájú àìsàn fi dà bí ọ̀run rere. Ọ̀pọ̀ ará Minamata ni ó ń jẹun nídìí Chisso. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n wà, ojú burúkú ni wọ́n sì fi ń wo aláìsàn. Ìwé náà mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí a mọ ìwúwo oúnjẹ yẹn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ yẹn wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ọdún méjìlá kọjá. Ẹni tí kò bá ka owó oṣù mọ́ ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ìṣirò náà sì rèé. Láti 1977 dé 1990, wọ́n fa ẹrẹ̀ onímẹ́kúrì jáde nísàlẹ̀ omi, wọ́n fi dí apá kan etí òkun náà tí ó tó hẹ́kítà 58, ó sì ná wọn ní bílíọ̀nù 48.5 yen. Mẹ́kúrì náà ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn lónìí. Àwọn tí ó kó o ni ó ń ṣọ́ ọ.

Kí ni tiwa nínú èyí? Nínú èdè wa, a ń da omi ìdọ̀tí nù, a ń kó pàntí dà nù. Ohun tí ó bá ti nù, ojú kì í rí i mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá èérún oúnjẹ àti eérú ààrò mu, nítorí ilẹ̀ a máa gbà wọ́n. Kò bá mẹ́kúrì mu, nítorí mẹ́kúrì kì í nù. Ibi tí a kò wò ni ó máa ń lọ. Odò Ọ̀ṣun, tí àwọn olùsìn rẹ̀ ń bu mu fún ìwòsàn àti fún ọmọ, ti pọ́n bí ẹrẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ ìwakùsà wúrà ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má mu omi náà. Ìkìlọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ fún ẹni tí ń mu kò tíì di ìkìlọ̀ fún ẹni tí ń dà. Àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Kumamoto ní 2013, orúkọ Minamata ni ó ń jẹ́. Ó dárúkọ àwọn tí ń fi mẹ́kúrì wa wúrà, Nàìjíríà sì ti wà nínú rẹ̀ láti 2018. Orúkọ ìlú apẹja yẹn ti wọ inú òfin tí ó kàn wá.

Nítorí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì sí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ yìí. Bí ẹnìkan nínú yín bá fẹ́ túmọ̀ ìwé yìí, kí ó má fi Yorùbá ilé ìwé sí Yuki lẹ́nu; kí ó lọ kọ́ bí àwọn apẹja Ìlàjẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, kí ó sì jẹ́ kí àdéhùn nìkan máa sọ Yorùbá ilé ìwé. Ẹ̀bẹ̀ kejì ni pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ tí àwọn ará etídò Ọ̀ṣun fi ń pe ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀, kí ẹlòmíràn tó bá wọn sọ ọ́ lórúkọ. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò gbé inú ilé náà kò yẹ ní ẹni tí yóò sọ ọmọ náà.